Orí Èmi Ni Kó Já Lé

Àbúrò mi obìnrin kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ohun tí kò ṣe. Kì í ṣe pé kò lẹ́kọ̀ọ́ o. Bó bá ṣẹ̀ ọ́, kí o tó jí lówùúrọ̀ ló ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ, orúnkún rẹ̀ á ti kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ayé bá parapọ̀ tí wọ́n ní kó sọ pé òun ló ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ayé á pẹ́ níbẹ̀, ilẹ̀ á sì ṣú bá wọn. Màmá wa máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí òun bí i, kò sunkún bí ọmọ tuntun. Ó ní ńṣe ló tẹjú mọ́ agbẹ̀bí bí ẹni tó fẹ́ bi í pé, "Ta ló rán ẹ sí mi?"

Mo ti jìnnà sí i báyìí. Àwọn ọmọ mi ló kó mi wá síbi tí mo wà, wọ́n ń ṣe dáadáa sí mi, n kò ráhùn. Ṣùgbọ́n bí ohunkóhun bá ti ń kùn lókè, ì báà jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ì báà jẹ́ kòkòrò lásán, ọrùn mi á ti yí, ojú mi á máa wá sánmà kiri, ọ̀rọ̀ dróònù yẹn á sì padà wá bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

Inú ilé kan náà ni èmi àti àbúrò mi ń gbé nígbà náà. Ìyàwó mi ti lọ, ọkọ tirẹ̀ náà ti lọ, àwọn ọmọ ti fọ́n ká, a wá padà di ọmọ ìyá méjì tó ń jà lórí ẹni tí kò pa iná ilé ìdáná. Gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ti lò ó, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tí wọ́n ti ń so ìpè mọ́ ìpè. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Bí òjò rọ̀, bí oòrùn ràn, ẹnu àwọn tó ń pè ló ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, mo rò pé yóò máa sùn títí oòrùn yóò fi kanrí ni. Kò sùn. Ó lọ ra dróònù.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, "mo ti fi etí rí ayé tó. Mo fẹ́ fi ojú rí i, kí n sì rí i láti òkè."

Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó gun òkè kankan mọ́, dróònù náà ló wá ń bá a gùn ún. Yóò dúró sí ìsàlẹ̀, yóò gbé fóònù sórí rìmóòtù, odò, òrùlé, àti òkè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè dé á máa kọjá lójú fóònù náà, òun á sì máa rẹ́rìn-ín sí wọn bí ẹni tó pàdé ará ilé.

Ẹgbẹ́ kan wà ní ìlú náà, ti àwọn tó ń fi dróònù najú. Ìjọba kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú un fò láàárín ìlú, pápá ẹgbẹ́ yìí nìkan ni àyè wà. Bí wọ́n bá lé ọ kúrò nínú ẹgbẹ́, kí o yáa gbé dróònù rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n kí o máa fi ṣe ọ̀ṣọ́. Àbúrò mi nìkan ni obìnrin ibẹ̀, òun náà ló sì dàgbà jù níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Àwòdì. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó yá, tí wọ́n rí bó ṣe ń já dróònù náà wá láti òkè, tó ń yí i bírí bí àwòdì tó rí òròmọdìẹ, yẹ̀yẹ́ di oríkì.

Ọjọ́ Sátidé kan ló já.

Gbogbo wa ló ń wò ó. Ó ti gbé e lọ sókè, ó wá já a bọ̀, ó yí i sí ọwọ́ òsì lójijì, ìró rẹ̀ sì dákẹ́. Kò tàkìtì, kò kígbe. Ó kàn dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá pa rédíò mọ́ oníròyìn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló wá já bí òkúta, ó bá àga Dókítà Eyín, ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú eyín, ó gba àárín rẹ̀ kọjá. Dókítà Eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àga náà láti lọ bu omi mu ni. Ó dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó ń wo ihò tó wà níbi tí ìdí rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀kùn ilé bátìrì ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, bátìrì fúnra rẹ̀ sì wà nínú koríko lọ́tọ̀.

Alága ẹgbẹ́ fọn fèrè tó so mọ́ ọrùn. Ọkùnrin gbọọrọ ni, ó ti ṣe ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ rí, bó ṣe ń rìn, wàá rò pé ó ń gbé òǹtẹ̀ kiri lábẹ́ abíyá.

"Ìyá Àwòdì! Ẹ ò ti ilẹ̀kùn bátìrì yín!"

"Mo tì í."

"Bí ẹ bá tì í, àbí òun ló ṣílẹ̀kùn fún ara rẹ̀ lókè, tó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Mo ní mo tì í. Ó dún, mo sì gbọ́ ọ."

"Màmá," Alága wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, "kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àgbà ń dé ni. Gbogbo wa la máa dé bẹ̀. Èèyàn lè rò pé òun ti ṣe nǹkan, kó má sì tíì ṣe é."

Àbúrò mi bá wò ó láti orí bàtà dé orí fìlà. "Alága, orúnkún mi ló dàgbà. Ẹ má bá mi kó àgbà dé orí."

"Ẹ jọ̀ọ́," Dókítà Eyín sọ, "àga mi ló kú. Ẹ jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ ná kí ẹ tó máa jà."

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́. Alága ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àga, pé bí Dókítà kò bá dìde lọ mu omi ńkọ́? Ó ní ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ yóò jókòó, wọn yóò sì dìbò bóyá kí Ìyá Àwòdì máa bá wọn lọ tàbí kó máa lọ sílé. Àfi bó bá dìde níwájú gbogbo èèyàn, tó sọ pé òun gbàgbé ni, tó tọrọ àforíjì. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó parí.

Nínú ọkọ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Tọrọ àforíjì, jàre. 'Ẹ má bínú.' Kò sí èyí tó le nínú ẹ̀. Kí o máa mú un fò lọ, ṣé kì í ṣe òun lo fẹ́?"

"Bọ̀ọ̀dá, bí mo bá sọ pé mo gbàgbé ilẹ̀kùn, ọjọ́ tí mo bá tún ṣi ẹsẹ̀ gbé, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní arúgbó tó ń gbàgbé nǹkan, ṣebí ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Wọ́n á gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi. Tí wọ́n bá gba ìyẹn tán, àwọn ọmọ mi á gbọ́, wọ́n á ní kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní fi ẹnu mi ṣí i fún wọn."

Ó wá wo ojú mi, ó rí i pé èmi náà rò pé ó gbàgbé ni. Ó kọjú sí fèrèsé ọkọ̀ títí a fi délé.

Kò tilẹ̀ jẹun. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó gbé dróònù lé e, ó sì tú gbogbo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kúrò kó má baà gé wa lọ́wọ́. Méjì ti kán nínú wọn, ó ní tuntun nípamọ́. Bátìrì ló kọ́kọ́ fura sí. Bátìrì irú èyí máa ń wú bó bá bàjẹ́, èyí tó bá sì ti wú, bí o bá gbé e sórí ohun títẹ́jú, ńṣe ni yóò máa mì bí ẹyin. Ó gbé e sórí dígí. Kò mì. Ó jókòó gbọin.

Ó tì í bọ ilé rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. *Kẹ́.*

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

Ó fi èékánná fa ilẹ̀kùn náà. Kò ṣí. Ó tan dróònù, iná aláwọ̀ ewé tàn lára rẹ̀. Ó ní kí n gbé ìrọ̀rí wá, ó di dróònù náà mú lókè ìrọ̀rí, ó sì jù ú sí ọwọ́ òsì lójijì bó ṣe yí i ní pápá, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tú kúrò lára rẹ̀. Iná kò kú. Ó tún ṣe é, ó fi agbára sí i. Iná náà kú, ó sì tún tàn kíá, bí ẹni ṣẹ́jú.

"Ó ṣẹ́jú!" ó kígbe. "Bọ̀ọ̀dá, ó ṣẹ́jú! Ẹ ti rí i, àbí ẹ ò rí i?"

Mo rí i. Ilẹ̀kùn wà ní títì, nǹkan sì ń rìn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó dáa," mo ní, "jẹ́ ká pe Alága báyìí."

"Ká sọ kí ni fún un? Pé dróònù ń ṣẹ́jú? Á ní èmi ni mo kọ́ ọ ní yínmú pẹ̀lú. Mo fẹ́ mọ ìdí ẹ̀ ná."

Ilé bátìrì náà rí tóóró, ó sì ṣókùnkùn. A tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ìmọ́lẹ̀ kò lè yà gba kọ̀rọ̀. A yí i sọ́tùn-ún, a yí i sósì, ọrùn ro wá lásán. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n kan ilẹ̀kùn ilé, Dókítà Eyín ló dé. Inú búùtù ọkọ̀ wa la ti gbé àga rẹ̀ wálé pé a ó bá a tún un ṣe, ó ní òun wá kí òkú.

"Dókítà," àbúrò mi kò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó, "ṣé irinṣẹ́ yín wà nínú ọkọ̀?"

"Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá? Ṣé eyín ń dùn yín ni?"

"Èmi kọ́. Eléyìí ni." Ó nà án ní dróònù.

Ọkùnrin yẹn kì í kọ eré. Ó gbé báàgì rẹ̀ wọlé, ó yọ dígí kékeré tó ní ọwọ́ gígùn, èyí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn eyín. Ó de ìbòmú, ó jókòó síwájú dróònù, ó ní, "Ẹ la ẹnu. Ẹ là á dáadáa. Há à, Màmá, ọmọ yìí kì í fọ eyín o!" Ó fẹ́ eruku kúrò. Ó wá yí dígí náà díẹ̀díẹ̀.

"Ìkọ́ méjì ló wà lára ilẹ̀kùn yìí," ó ní. "Ti iwájú dára. Ti inú lọ́hùn-ún ti ń funfun ní ìdí."

Ike dúdú ni. Bí ike dúdú bá sì ti ń funfun lójú kan, nǹkan ti ń tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ tipẹ́.

"Tí ilẹ̀kùn bá tì," àbúrò mi bi í, "ṣé ìkọ́ ti inú yẹn ń wọ ihò rẹ̀?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i? Ta ló ń wo inú ẹnu tó pa dé?"

Àbúrò mi fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. "Bébà pupa yẹn ńkọ́? Èyí tí ẹ ní kí n fi eyín tẹ̀ nígbà tí ẹ dí ihò eyín mi, tí ẹ ní kó sọ ibi tí wọ́n ti ń pàdé fún yín?"

Dókítà yọ ìbòmú. Ó wò ó. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò lọ ṣe iṣẹ́ wa?"

Bébà náà fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, ibi tí ohun méjì bá ti pàdé lórí rẹ̀ ló máa ń kun. Dókítà gé e wẹ́wẹ́, ó fi ẹ̀mú tẹ̀ ẹ́ sẹ́nu ihò méjèèjì. Àbúrò mi ti bátìrì bọ̀ ọ́, ó pa ilẹ̀kùn dé. *Kẹ́.* Ó ṣí i. Ihò iwájú pọ́n bí ètè ìyàwó tuntun. Ihò ti inú mọ́ tónítóní bí ìgbà tí wọ́n ṣe é. Wọ́n pààrọ̀ bébà, wọ́n tún un ṣe. Bákan náà ló rí.

"Ìkọ́ kan ló ń tì í," àbúrò mi ní. "Èkejì ń ṣe ojú ayé."

Mo ti fẹ́ sọ pé ìkọ́ náà ló bàjẹ́, ó tán, ṣùgbọ́n òun ti yọ bátìrì jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn náà lófìfo. Ó dún. Kò dún bí ti tẹ́lẹ̀. *Kẹ́-kẹ̀.* Ìró méjì ni, wọ́n tẹ̀ lé ara wọn bí ẹsẹ̀ ọmọdé.

Ó jókòó wọ̀ọ̀. "Bó ṣe ń dún nígbà tí mo rà á nìyẹn," ó ní. "Mi ò mọ ọjọ́ tí ìkejì kú."

Gbogbo wa wá yíjú sí bátìrì. Mo gbọ́dọ̀ sọ ti téèpù níbí yìí. Bátìrì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti máa ń dà pọ̀ mọ́ra lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gba iná sí i, ọkùnrin méjì ti fẹ́ tìtorí ẹ̀ lu ara wọn rí. Alága bá ṣòfin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wé téèpù aláṣọ mọ́ bátìrì olúkúlùkù, àwọ̀ ọdún yẹn, orúkọ ẹni á sì wà lára rẹ̀. Bó ṣe ń wé ẹrù nílé ìfìwéránṣẹ́ ló ṣe ń wé e, ó le bí ìdí ìlù, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bọ́ ti èṣí kó tó wé tuntun lé e. Ó ní èdìdì ni, a kì í já èdìdì. Àwọn yòókù, abẹ́ ikùn dróònù wọn ni bátìrì wà, bẹ́líìtì ni wọ́n fi ń so ó, bó sanra, bó tín-ín-rín, kò kàn wọ́n. Ti àbúrò mi nìkan ló wà nínú yàrá, tó sì ní ilẹ̀kùn. Ọdọọdún ni wọ́n ń fún bátìrì rẹ̀ ní ẹ̀wù kan sí i, ó ti wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù òtútù, ó wá ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn.

Mo na ọwọ́ sí ọ̀bẹ.

"Ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án, Bọ̀ọ̀dá! Bátìrì ni, kì í ṣe ọsàn. Bí ẹ bá lu ikùn ẹ̀, iná ló máa bí."

Èékánná ló fi ṣí i. Aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ṣí kúrò, òféfèé wà lábẹ́ rẹ̀, búlúù wà lábẹ́ ìyẹn. Ó fi òwú tó rin sípíríìtì nu gbogbo gọ́ọ̀mù kúrò. Bátìrì náà yọ́ wọlé láìjanpata. *Kẹ́-kẹ̀.* A fi bébà wò ó, ihò méjèèjì pọ́n. Ó dì í mú lókè ìrọ̀rí, ó jù ú sósì, ó jù ú sọ́tùn-ún, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń gbọn eruku aṣọ. Iná kò ṣẹ́jú.

Dókítà pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn, mo sì tún pa dà sí ìwà àgbà mi. "Ó ti tán," mo ní. "Jẹ́ kí Alága wé téèpù kan ṣoṣo sí i, kó má baà dà bíi pé o fojú di í. Ọ̀kan péré ò lè pa á lára."

Kò bá mi jiyàn. Ó gé téèpù aláwọ̀ ewé náà, ó wé e ní ẹyọ kan, ó fi bébà wò ó. Etí ìkọ́ ti inú nìkan ló fara kan bébà, àmì náà kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

"Ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan níta," ó ní. "Ṣé irú ilẹ̀kùn tí ẹ fi ń sùn nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá?"

Èmi fúnra mi ni mo bọ́ téèpù náà kúrò.

Kò fọkàn tán ìkọ́ tó ti funfun náà. Lọ́jọ́ Ajé, ó tiro lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní ìkángun àdúgbò wa, ó sì rí ilẹ̀kùn lára dróònù kan tó ti kú, irú tirẹ̀ gan-an. Ó dè é mọ́ ti wa. Ó wá fi okùn so dróònù náà mọ́ garawa omi lẹ́yìnkùlé, ó gbé e sókè níwọ̀n okùn, ó sì ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń fi ewúrẹ́ olórí kunkun ṣeré. Lójoojúmọ́ ló ṣe é. Okùn já lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀kùn kò ṣí.

Sátidé pé. Abẹ́ àtíbàbà ni ẹgbẹ́ jókòó sí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin pẹ̀lú àwọn tó ti ń pá lórí, olúkúlùkù pẹ̀lú àpótí dróònù rẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀. Alága fọn fèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń pariwo.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò le," ó ní. "Màmá á ní ká má bínú, a ó ní ó ti tán, a ó sì bọ́ sí pápá. Mo tilẹ̀ ti mú téèpù tuntun, ti ọdún tó ń bọ̀, dání fún wọn." Ó gbé e sókè. Àwọ̀ àlùkò ni.

Àbúrò mi dìde. Ó kí wọn, ó kí wọn tọkàntọkàn. Ó wá to téèpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó bọ́ sórí tábìlì, ó to àwọn bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì ṣàlàyé fún wọn bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí. Dókítà Eyín ní òótọ́ ni, pé ojú òun ló ṣe. Àwọn kan fa bébà náà gbà lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń wò ó. Ojú Alága bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

"Ẹ ń sọ pé èmi ni mo já dróònù yín bọ́?"

"Ẹ̀yin kọ́. Téèpù yín ni."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì tètè sọ ọ́ di ikọ́.

"Òfin ni òfin, Ìyá Àwòdì. Bátìrì tí kò bá ní téèpù kò gbọdọ̀ fò ní pápá yìí."

"Ohun tí òfin yín ń wá ni ká mọ ẹni tó ni ín. Mo ti kọ ọ́." Ó gbé bátìrì náà sókè. Ó ti fi pẹ́ẹ̀nì funfun tí kì í parẹ́ kọ orúkọ sí i lára, gàdàgbà-gàdàgbà: ÌYÁ ÀWÒDÌ. "Ta ló fẹ́ sọ pé tòun ni?"

Alága wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó ta mí lára nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ní mo gbà. Bó bá wá tún já ńkọ́? Orí ta ló máa já lé lọ́tẹ̀ yìí?"

"Orí èmi ni kó já lé."

Ó gbé dróònù rẹ̀, ó sì bọ́ síta. Fèrè dún lẹ́yìn rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Èmi náà dìde, mo lo ohùn tí mo fi ń pè é láti kékeré, ohùn àkọ́bí, èyí tí kò gbọ́ rí kó má dúró.

"Àbúrò! Padà síbí!"

Ó dúró lóòótọ́. Ó yíjú. "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá," ó ní. "Ẹ̀yin ni mo lè bẹ̀." Ó sì tún ń lọ.

Ó tiro dé àárín pápá. Ó nawọ́ sí wa pé kí ẹnikẹ́ni má kúrò lábẹ́ àtíbàbà. Dróònù náà gbéra níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ sókè tààrà, gangan orí rẹ̀, títí ó fi dà bí oyin. Obìnrin kan ṣoṣo dúró nínú koríko, irun rẹ̀ funfun, ohun líle kan sì wà lókè rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan láàárín àwọn méjèèjì.

Alága sáré jáde lọ bá a. Atẹ́gùn ń fẹ́ bọ̀ sọ́dọ̀ wa, gbogbo ohun tí wọ́n sọ la gbọ́.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Màmá! Mo ní kí ẹ gbé e sílẹ̀!"

"Ẹ sá kúrò lábẹ́ ẹ̀, Alága."

"Ẹ fẹ́ pa ara yín ni?"

"Bí ẹ bá gbà nínú yín pé mo gbàgbé ilẹ̀kùn lọ́jọ́sí, ẹ sá. Mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ̀ pé òótọ́ ni bébà yẹn ń sọ, ẹ dúró tì mí, kí àwọn èèyàn yín rí i pé ẹ dúró."

Ọkùnrin náà wo òkè. Ó wo wá lábẹ́ àtíbàbà. Mo rò pé yóò sá, bó bá sì sá n kò ní dá a lẹ́bi, èmi náà ì bá ti sá. Kò sá. Ó kó èjìká jọ dé etí, ó di ojú, ó sì dúró.

Àbúrò mi já a bọ̀. Ó ń sọ̀kalẹ̀, ìró rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó ti dé ibi tí mo ti ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tó yí i sí ọwọ́ òsì, èyí tó le ju ti ọjọ́ yẹn lọ, ó yí i sọ́tùn-ún, ó tún yí i sósì. Mo ń dúró de ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Kò wá. Ìró náà kò já lẹ́ẹ̀kan. Dróònù náà yí wọn ká bí ẹni tó ń yẹ̀ wọ́n wò, atẹ́gùn rẹ̀ ṣí fìlà Alága dànù, ó sì balẹ̀ wẹ́rẹ́ síwájú bàtà rẹ̀.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pariwo. Wọn kò dìbò, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀, ó yọ bátìrì, ó fi lé Alága lọ́wọ́ kó rí i. Ó gbóná. Alága yí i, ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀.

"Ṣé kì í parẹ́?"

"Bó bá parẹ́, màá tún un kọ."

Alága ti téèpù àlùkò rẹ̀ bọ àpò. Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀ tó fi jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí atẹ́gùn gbé e gba ibòmíràn lọ. "Ọ̀rọ̀ àforíjì yẹn ńkọ́, Màmá?"

"Tèmi, àbí tiyín?"

Alága bẹ̀rẹ̀ mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀. Ó wá sọ ọ́. Kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà lọ, "Ẹ má bínú," ó sọ wọ́n, gbogbo àwa tó wà lábẹ́ àtíbàbà sì gbọ́ wọn. Àbúrò mi mi orí fún un. Kò ní ó ti tán, kò ní kò tíì tán. Ó yọ bátìrì mìíràn nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó tì í bọ̀ ọ́, ó sì tún gbé dróònù náà sókè.